Ẹ Má Sọ Bébà ECG Yín Nù: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Àpá tí Hátì Àtáàkì Fi Sílẹ̀ Lára Ọkàn

Bàbá kan wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, fáìlì wọn wà lábẹ́ abíyá. Ọdún méjì ṣáájú ni hátì àtáàkì ti kọlù wọ́n. Dókítà wá ní kí wọ́n mú bébà ECG ọjọ́ yẹn wá, ìyẹn bébà tí ẹ̀rọ ń ya ìlà iná ọkàn sí, ká lè fi wé tuntun. Tayọ̀tayọ̀ ni bàbá fi yọ ọ́ jáde. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọtokópì ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn lámínéètì rẹ̀ kó má baà ya. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rá náà dúdú bí ìdí ìkòkò àmàlà. Kò sí ìlà kan ṣoṣo tó hàn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ bébà ECG kì í ṣe èyí tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀; ooru ló ń kọ nǹkan sára rẹ̀, ooru ẹ̀rọ lámínéètì sì ti kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú látòkè délẹ̀.

"Ṣé kò ṣì wúlò báyìí?" ni bàbá bi mí. Ó dùn mí débi pé n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn níbí ni kí n máa de wáyà ECG mọ́ àyà àwọn èèyàn, ohun tí mo sì mọ̀ dájú ni pé bébà kan ṣoṣo máa ń sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Bébà méjì tí a tò síra, tàtijọ́ àti tòní, ló máa ń sọ ọ́ tán. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, fún ẹni tí hátì àtáàkì ti kàn rí àti fún ọmọ, ìyàwó tàbí ọkọ tó ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kí ẹ wá di dókítà ara yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wò, kí ẹ lè mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: nígbà tí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún

Ọkàn tó ń pín ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, òun náà nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan tó rìn yí i ká ló ń bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá ti ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó yẹn láti ọdún pípẹ́, ó lè ya lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ á dì lé ojú ibi tó ya, ọ̀nà á sì dí. Ẹran ọkàn tó wà níwájú ibi tó dí kò ní rí oúnjẹ mọ́. Ohun tí à ń pè ní hátì àtáàkì nìyẹn.

Ẹni tó ń ṣe á ní ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ ka òun láyà. Ó lè gba apá òsì lọ, ó lè gun èjìká, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n. Òógùn tútù lè bò ó, kí èébì sì máa gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà, àwọn obìnrin, àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má mọ ìrora gidi kankan lára. Ó lè kàn rẹ̀ wọ́n lójijì kí èémí wọn sì máa há. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn kan á ní ọgbẹ́ inú ni, àwọn mìíràn á ní afẹ́fẹ́ ló há sáyà. Wọ́n á mu àgbo, wọ́n á fi Robb pa á, wọ́n á ní kó di àárọ̀ ọ̀la. Ẹran ọkàn kì í dúró de àárọ̀ ọ̀la.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ tí kò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀. Bí ara ẹni náà kò bá kọ aspirin, tí kò sì sí ibi tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, kó rún aspirin 300 mg lẹ́nu, kó má gbé e mì lódindi. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa: ẹni tó bá wà ní Apáta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kó má ní dandan Orítamẹ́fà, níbi tí ọsibítù ńlá UCH wà, lòun ń lọ bí ọsibítù tó ní ẹ̀rọ ECG àti dókítà bá wà nítòsí rẹ̀. Wọn a máa tọ́ni sí UCH tàbí ibòmíràn bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bébà àkọ́kọ́ ti gbọ́dọ̀ jáde ná. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tó sọ orúkọ, kí ẹ tó ra káàdì, ni: "Àyà ló ń dùn ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe ECG." Ìlànà tí àwọn dókítà ọkàn káàkiri ayé ń tẹ̀ lé ni pé kí bébà náà jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 tí ẹni náà wọlé.

Kí ẹnì kan nínú yín sì wo aago, kó kọ wákàtí tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n máa bi yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí 12 àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fún èèyàn, wákàtí méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì lérè jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: lórí bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀rọ yìí kì í gbé iná wọ ara ẹnikẹ́ni. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ níwájú mi, nítorí mo ti rí ìyá àgbà tó ń sunkún pé wọ́n fẹ́ fi NEPA pa òun. Ọkàn fúnra rẹ̀ ló ní iná tirẹ̀, iná díẹ̀ báyìí tó ń sún un láti lù. Ẹ̀rọ kàn ń tẹ́tí gbọ́ ọ ni.

Wáyà 10 la máa ń lò: mẹ́rin fún apá àti ẹsẹ̀, mẹ́fà fún àyà. Láti ara 10 yìí ni ẹ̀rọ ti máa ń ya àwòrán 12, bí ìgbà tí èèyàn 12 dúró yí ilé kan ká tí kálukú ń sọ ohun tó rí láti ibi tó wà. Àwọn wáyà àyà ní ipò tí a kò gbọdọ̀ yẹ̀. V1 àti V2 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun àárín àyà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ní àlàfo ìhà kẹrin. V4 wà ní àlàfo ìhà karùn-ún, lábẹ́ àárín egungun èjìká iwájú. V3 wà láàárín V2 àti V4. V5 àti V6 lọ sí ọ̀nà abíyá, wọ́n sì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú V4. Fún àwọn ìyá wa, abẹ́ ọmú ni V4 máa ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti gbé e sókè. Bí wọ́n bá fi V1 àti V2 sókè jù, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ wáyà apá ọ̀tún mọ́ ti òsì, bébà lè purọ́ pé ọkàn ti ní àpá nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ ran ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́. Òrí, àdí, òróró àti Robb kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nù ún kúrò. Irun àyà tó bá pọ̀, wọ́n lè fá a díẹ̀. Ẹ bọ́ aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má gbọ̀n, ẹ mí bí ẹ ṣe máa ń mí. Bí fáànù tàbí ṣájà fóònù bá wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì, ìlà náà lè nípọn kó sì rí wúruwùru bí ẹnu ayùn, nítorí iná ilé wa máa ń wọ inú ẹ̀rọ. Mo máa ń pa fáànù ná, ooru yòówù kó mú.

Kí ẹ tó dìde, ẹ wo orí bébà náà: orúkọ, ọjọ́ orí, déètì, wákàtí. Déètì tó wà nínú ẹ̀rọ kì í pé nígbà mìíràn bí iná bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí kò bá pé, kí wọ́n fi bírò kọ èyí tó pé sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó wà lórí bébà

Ará Ìbàdàn kò ní pẹ́ mọ ojú bébà yìí, torí òkè àti kòtò ló kún inú rẹ̀. Willem Einthoven, dókítà ará Netherlands kan tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1924, ló fún wọn ní lẹ́tà P, Q, R, S àti T. Gegele kékeré tó ṣáájú ni P: yàrá òkè ọkàn ló ń fún pọ̀ nígbà náà. Òkè ṣóńṣó tó tẹ̀ lé e ni QRS, ìyẹn yàrá ìsàlẹ̀ tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde. Gegele fífẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni T, nígbà tí ọkàn ń sinmi láti tún lù. Láàárín S àti T, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ST ni n ó máa pè é, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ hátì àtáàkì ti máa ń kọ́kọ́ hàn.

Àpótí kéékèèké ló kún bébà náà. Àpótí kékeré kan jẹ́ mílímítà kan. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré ní mílímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe sábà máa ń rí, àpótí kékeré kan á jẹ́ 0.04 ìṣẹ́jú àáyá, ńlá kan, tó jẹ́ kékeré márùn-ún, á sì jẹ́ 0.2. Ẹ fẹ́ mọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan? Ẹ ka àpótí ńlá tó wà láàárín òkè ṣóńṣó méjì, kí ẹ fi pín 300. Mẹ́rin bá wà níbẹ̀, 75 nìyẹn. Ìṣirò yìí kò dúró bí ọkàn kò bá lù déédéé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí bébà ṣe ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ọdún

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, nítorí hátì àtáàkì kì í ya àwòrán kan ṣoṣo. Ó ń ya òmíràn bí àkókò ṣe ń lọ, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra lè fojú bù ú ìgbà tí ìkọlù náà ṣẹlẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, gegele T á ga, á fẹ̀, ìhà rẹ̀ méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kì í pẹ́ kó tó yí padà. Èmi kì í sábà rí i, nítorí pé àwọn èèyàn wa kì í tètè dé.

Lẹ́yìn èyí ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ ST máa gbéra sókè. Kàkà kí ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, á gòkè láti ìdí òkè ṣóńṣó lọ pàdé T, nígbà mìíràn àwọn méjèèjì á para pọ̀ di òkè kan ràgàjì. Bó bá gòkè tó mílímítà kan ó kéré tán nínú àwòrán méjì tó jẹ́ aládùúgbò, àwọn dókítà á dìde. Fún V2 àti V3 ìwọ̀n náà ju bẹ́ẹ̀ lọ: mílímítà 2 fún ọkùnrin tó ti pé ẹni 40, 2.5 fún ọkùnrin tí kò tíì pé 40, 1.5 fún obìnrin. Àwọn àwòrán tó kọjú sí òdìkejì lè lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni dúró sórí igi tó dábùú, tí apá kan gòkè tí apá kejì sọ̀kalẹ̀. Bí ìyẹn bá wà, iyèméjì dín kù púpọ̀.

Bí wọ́n bá fún ẹni náà ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n máa tún ECG ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 60 sí 90. Bí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà bá ti sọ̀kalẹ̀ tó ìdajì ibi tó ga dé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ti là. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti lè fi bálúùnù kékeré la òpó náà. Ẹ béèrè bébà kejì yìí lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín.

Láàárín wákàtí sí ọjọ́ mélòó kan, Q á jáde: kòtò jíjìn kan tó ṣáájú òkè ṣóńṣó, tó fẹ̀ tó àpótí kékeré kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ kòtò. Òkú ẹran kò ní iná nínú. Wáyà tó wà lórí rẹ̀ kò rí iná kankan tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni ń gba ojú fèrèsé wo ògiri òdìkejì, ohun tó sì ń rí ni iná tó kọ ẹ̀yìn sí i, tó ń sá lọ. Iná tó ń sá lọ ni ẹ̀rọ ń yà sí ìsàlẹ̀. Fèrèsé yìí ni àpá náà.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ST á padà sílẹ̀, gegele T á dorí kodò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, T lè padà dìde. Q ní tirẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lára àwọn kan ó máa ń kéré sí i, lára àwọn mìíràn ó tilẹ̀ ń parẹ́. Àwọn àgbà ní egbò á jinná, àpá rẹ̀ ò ní jinná. Lórí ECG, Q ni àpá náà.

Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ST kò sì sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Ó lè jẹ́ pé ògiri ọkàn níbẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó sì ń yọ síta bí ibi tó rọ̀ lára táyà. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀. Ẹ béèrè fún ẹ́kò, àyẹ̀wò tó ń fi ọkàn hàn bó ṣe ń lù.

Irú hátì àtáàkì kejì kì í gbé pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà sókè rárá. Ó lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó lè dorí T kodò, bébà sì lè mọ́ tónítóní. Bí àyà bá ṣì ń dùn tí wọ́n ní "ECG yín dára", ẹ má tíì dìde lọ sílé. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún troponin. Troponin ni ohun tó ń jò jáde látinú ẹran ọkàn tó bá fara pa. Ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàárín wákàtí 3 sí 6, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà ẹni tó bá yára dé ọsibítù lè nílò kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ògiri wo ló fara pa?

Èyí kò gùn. V1 dé V4 ń wo iwájú ọkàn, ibi tí òpó ńlá tó sọ̀kalẹ̀ níwájú ń bọ́. Àpá ibẹ̀ ló sábà ń gba agbára ọkàn jù. II, III àti aVF (àwòrán ti wáyà apá àti ẹsẹ̀ ni wọ́n, bíi I àti aVL) ń wo ìsàlẹ̀. I, aVL, V5 àti V6 ń wo ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ kọ orúkọ ògiri tí dókítà bá dá sí ẹ̀yìn bébà yín. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, wọ́n lè gbé wáyà kan lọ sí àyà ọ̀tún láti mọ̀ bóyá yàrá apá ọ̀tún náà fara pa, nítorí oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n lè já ìfúnpá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó lè tan yín jẹ

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí àwa èèyàn dúdú ló kàn jù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, bóyá ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, lè wá ṣe ECG torí iṣẹ́ tuntun, kí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ST rẹ̀ sì wà lókè ní V2 dé V4. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Bí a ṣe dá a nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú. Ẹni tí kò mọ̀ lè kó ìpayà bá gbogbo ilé. Tèyí kì í yí padà láti wákàtí sí wákàtí, ti hátì àtáàkì ń yí padà.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkàn tó ti ń ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí ìfúnpá gíga fún ọdún mẹ́wàá á nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ. Lórí bébà, òkè ṣóńṣó V5 àti V6 á ga fíofío, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ST níbẹ̀ á rẹlẹ̀, T á dorí kodò. Ẹni tó bá ń kánjú á pè é ní hátì àtáàkì. Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí: níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, tó jáde láyé ní 2020, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín. Bébà àtijọ́ ló ń yanjú àdìtú yìí kíákíá. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn náà ló ṣe rí lónìí, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kò gbọdọ̀ jókòó.

Awọ tó bo ọkàn náà lè wú, kó gbé ST sókè nínú àwòrán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ìrora tirẹ̀ máa ń le sí i bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, á sì fúyẹ́ bó bá tẹ̀ síwájú. Ó lè wá fúnra rẹ̀, ó sì lè tẹ̀ lé hátì àtáàkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ keje: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹran ọkàn gan-an?

Bí òpó bá dí pátápátá, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 40 ni ẹran ọkàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa jẹ bọ̀ síta, bí iná tó ràn mọ́ ìdí ẹní. Láàárín wákàtí 6 sí 12, èyí tó máa kú nínú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ìdí nìyí tí a fi ń pariwo wákàtí.

Lẹ́yìn náà ni ara ń ṣe bó ṣe ń ṣe fún egbò yòókù: á kó òkú ẹran náà kúrò. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, ibẹ̀ rọ̀ jù lọ, ó sì lè ya. Ẹ má bá dókítà jà bó bá ní kí ẹ sinmi nígbà náà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, àpá líle ti rọ́pò rẹ̀. Àpá kì í fún pọ̀, kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀. Ẹran ọkàn kì í hù padà bí awọ ara ṣe ń hù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí kò mira ló ti kú. Ẹran mìíràn wà tó kàn dákú. Ebi ẹ̀jẹ̀ pa á, ó dẹwọ́ iṣẹ́, ó sì lè jí padà láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ bí ọ̀nà bá ti là. ECG kò lè ya òkú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dákú dáadáa. Ẹ́kò ló sún mọ́ ọn: ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi oje tútù pa àyà fún, tó ń fi ọkàn hàn bó ṣe ń lù. Á fi ògiri tí kò mira hàn, á sì sọ iye ẹ̀jẹ̀ tí yàrá apá òsì ń tì jáde nínú 100 tó gbà. Ọkàn tó dá ṣáṣá ń tì nǹkan bí 55 sí 70. Bó bá jẹ́ 40 tàbí kó dín, agbára ti dín kù nìyẹn. Ẹ́kò tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dẹ́rù bani nítorí àwọn tó dákú ṣì wà níbẹ̀; nítorí náà ẹ má sọ ìrètí nù. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, kí ẹ fi méjèèjì síra.

Ewu tó kù ni pé ẹran tó ṣẹ́ kù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti ti òkú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa fẹ̀, á máa rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fúnni ní lisinopril tàbí ramipril, àti bisoprolol, carvedilol tàbí metoprolol, pẹ̀lú oògùn ọ̀rá bí atorvastatin, aspirin, àti clopidogrel tí ọ̀pọ̀ ń lò tó ọdún kan. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró lójijì torí pé ara ti yá. Bí lisinopril bá ń fa ikọ́ gbígbẹ, ẹ padà lọ sọ fún dókítà, òmíràn wà tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún diclofenac àti ibuprofen tí àwọn oníkẹ́míìsì ń kó fún ẹni tí orúnkún ń dùn: wọn kò dára fún ọkàn tó ti lápá. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó di oògùn yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fáìlì ilé

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ má kúrò láìgba ẹ̀dà bébà ECG ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti ọjọ́ ìkẹyìn, pẹ̀lú ìwé ẹ́kò. Èyí tí ẹ máa fi wé tọjọ́ iwájú ni ti ìkẹyìn, nítorí òun ló ń sọ bí ọkàn yín ṣe rí nígbà tí ara balẹ̀. Kí ẹ sì padà ṣe òmíràn nígbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ ṣe fọtokópì wọn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bébà ooru máa ń ṣá. Oòrùn ń pa á, ooru inú ọkọ̀ ń pa á, ọ̀rá lílẹ̀ náà ń jẹ ẹ́. Fọtokópì kì í ṣá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ ya á pẹ̀lú fóònù níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, kí àpótí kéékèèké inú rẹ̀ hàn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ méjì ó kéré tán. Ẹ fi bírò kọ sí i: déètì, wákàtí, bóyá àyà ń dùn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àti oògùn tí ẹ ń lò. Bébà tí kò sọ bóyá àyà ń dùn lọ́jọ́ náà ti sọ díẹ̀ nínú ohun tó yẹ kó sọ nù.

Kí gbogbo ará ilé sì mọ ohun tó ń gbéni padà sí ọsibítù láìdúró de ọjọ́ àpọ́ńtímẹ́ǹtì: àyà tó tún ń fún, èémí tó ń há débi tí èèyàn fi ń to ìrọ̀rí mẹ́ta kó tó lè sùn, ẹsẹ̀ tó ń wú, ìwọ̀n ara tó fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọkàn tó ń sáré lójijì, òòyì tó ń gbéni ṣubú. Ẹ gbé fáìlì dání bí ẹ bá ń lọ.

Bàbá tó lámínéètì bébà yẹn ti ní tuntun. A ṣe é lọ́jọ́ náà, dókítà fi ẹ́kò tì í lẹ́yìn, Q mẹ́ta sì wà níbẹ̀ ní II, III àti aVF. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Bódìjà ya á sínú fóònù níwájú mi, ó sì fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọtokópì pé: "Àyà kò dùn lónìí."